Ọdún Tí Òjò Wọ Inú Fíìmù Bàbá

Kí n tó mọ̀ pé ayé fẹ̀ ju Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà lọ, nígbà tí mo ṣì kéré tí mò ń lọ sí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, inú ilé ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni mo ti rí ilẹ̀ òkèèrè. N kò wọ ọkọ̀ òfuurufú, n kò dé èbúté kankan. Orí ẹní ni mo jókòó sí, tí mo na ẹsẹ̀, tí ayé sì ń kọjá lójú mi lórí tẹlifíṣọ̀n kékeré kan. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń wo fíìmù nínú fóònù lórí ọ̀kadà, ẹ fara balẹ̀ kí n sọ bí ó ṣe rí fún yín.

Ọ̀kà ni wọ́n bí mi sí, lábẹ́ òkè, níbi tí bàbá àti ìyá mi ti ń gbin iṣu. Nígbà tí mo tó iléèwé í lọ, wọ́n ní kí n máa gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Ìkàrẹ́. Bàbá ni mò ń pè é, mo sì ń pe ìyàwó rẹ̀ ní Màmá. Wọn kò bímọ tiwọn, ṣùgbọ́n n kò rántí ọjọ́ kan tí wọ́n jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n lára pé èmi kọ́ ni wọ́n bí.

Onífọ́tò ni Bàbá. Bí o bá ṣègbéyàwó ní Ìkàrẹ́ nígbà náà, tàbí tí ọmọ rẹ parí Àlùkùránì tí ẹ fẹ́ ṣe wòlímọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹ ń bọ̀. Aránṣọ ni Màmá. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà lẹ́bàá fèrèsé ní pálọ̀ wa, ó sì máa ń ránṣọ láti àárọ̀ títí di ìgbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú. Òun ni ó lẹ́nu jù nínú àwọn méjèèjì. Bàbá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ó bá fẹ́ kí o rẹ́rìn-ín kí òun lè ya fọ́tò rẹ, á kàn máa wò ọ́ títí ẹ̀rín á fi pa ọ́.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ fíìmù ṣe bẹ̀rẹ̀. Òyìnbó kan wà tó ń kọ́ni ní iléèwé girama kan lágbègbè wa. Nígbà tí ó fẹ́ padà sí ìlú rẹ̀, ó wá ya fọ́tò ìdágbére, ó sì gbé páálí kan lé Bàbá lọ́wọ́. Kásẹ́ẹ̀tì fídíò ló kún inú rẹ̀. Ó ní ẹrù òun ti wúwo jù, àti pé ẹni tó mọ ìmọ́lẹ̀ í lò bíi Bàbá ló yẹ kí ó ni wọ́n. Bàbá kò tíì ní ẹ̀rọ tí a fi ń wo fídíò nígbà náà! Ó to àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà sórí pẹpẹ, ó ń nu eruku orí wọn, ó sì ń ka ẹ̀yìn páálí wọn. Màmá ní ọkọ òun ti rí gàárì, ó wá ku ẹṣin.

Ẹṣin náà dé nígbà tó yá. Láti ìgbà náà, bí Bàbá bá lọ ra bébà fọ́tò ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó, kò ní ṣàìkó kásẹ́ẹ̀tì díẹ̀ bọ̀. Ẹ má rò pé èyí tí gbogbo èèyàn ń wò ló ń kó o. Kì í ṣe ti Ṣáínà tí wọ́n ti ń fò láti orí òrùlé kan sí òmíràn, kì í sì í ṣe ti Íńdíà tí wọ́n ti ń kọrin yí igi ká. Fíìmù àtijọ́ ni Bàbá ń wá, èyí tó jẹ́ dúdú àti funfun, tó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́, tí obìnrin kan lè jókòó lẹ́bàá fèrèsé kí ó máa wo òjò, kí ìwọ náà sì máa wò ó bó ṣe ń wo òjò. Àwọn aládùúgbò á rọ́ wá ní ọ̀sán Sátidé, wọ́n á gbọ́ pé tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀; kò ní pẹ́ tí ẹnì kan á rántí pé òun gbé ọbẹ̀ kaná, tí ẹlòmíràn á ní òun fẹ́ lọ rí ẹ̀gbọ́n òun. Bó bá yá, á ku Bàbá àti èmi.

Màmá kì í jáde, nítorí pálọ̀ náà ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ló kọ sí tẹlifíṣọ̀n. Á tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ gìrìgìrì, á dá a dúró, á ní, "Irú fíìmù wo nìyí, tí wọ́n fi odindi ọ̀sán mu tíì?"

Bàbá kì í dá a lóhùn. Èmi ni á pè. Á fi ìka tọ́ka sí tẹlifíṣọ̀n, á ní, "Wo ojú obìnrin yẹn. Ṣé o rí i bí ìmọ́lẹ̀ ṣe bà á ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo? Ẹni tó gba àwòrán yìí dúró de oòrùn ni. Kò sáré lọ pè é, ó dúró dè é." Mo kọ́kọ́ rò pé Bàbá kàn ń ṣàsọdùn. Ìgbà tó yá, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rí i. Títí di òní, bí mo bá wọ ilé ẹni, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé ni mo ń kọ́kọ́ wò.

Ohun kan ló ṣòro. A kò gbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ nínú àwọn fíìmù náà. Wọ́n kọ Gẹ̀ẹ́sì sí ìsàlẹ̀ àwòrán, ṣùgbọ́n kí Bàbá tó ka ọ̀rọ̀ méjì, òmíràn á ti dé. Ni ó bá ní kí n máa kà á fún òun. Ẹ̀rù bà mí lákọ̀ọ́kọ́, mo ń gé e jẹ bí ẹni ń jẹ egungun. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ bá yá, ẹnu rẹ̀ náà á yá. Kò pẹ́ tí mo fi ń ka Gẹ̀ẹ́sì náà lójú tí mo sì ń sọ ọ́ ní Yorùbá lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tí n kò bá mọ̀, mo ń wo ojú onítọ̀hún kí n lè mọ ohun tó ń sọ. Bí bàbá arúgbó bá ń sọ̀rọ̀, màá ki ohùn mọ́lẹ̀. Bí ìyá kan bá ń bá ọmọ rẹ̀ wí, bí ìyá mi ṣe ń bá mi wí ní Ọ̀kà ni mo ṣe ń sọ ọ́, pẹ̀lú ohùn Ọ̀kà pọ́ńbélé. Bàbá á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Á ní, "Mi ò mọ̀ pé àwọn ará ibẹ̀ gbọ́ Ọ̀kà!"

Fíìmù kan wà tí a fẹ́ràn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ọkùnrin kan ni, ogun ti wó ilé rẹ̀, ilẹ̀kùn nìkan ló kù. Ó gbé ilẹ̀kùn náà rù, òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, wọ́n ń rìn láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò gbé e sí. Ibì kan, wọ́n fi ṣe tábìlì, wọ́n jẹun lórí rẹ̀. Ibì kan, wọ́n fi ṣe afárá, wọ́n gba orí rẹ̀ kọjá odò. Àwọn kan ní kí ó fi dáná kí òtútù má pa ọmọ rẹ̀, ó kọ̀, ó bọ́ ẹ̀wù ara rẹ̀ fún ọmọ náà. A kò mọ orúkọ ọkùnrin náà. Onílẹ̀kùn ni à ń pè é.

Àfáà kan wà tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwa, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú. Èèyàn pẹ̀lẹ́ ni, ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ fíìmù yìí rárá. Ọjọ́ kan, bí a ṣe ń bọ̀ láti mọ́sálásí lẹ́yìn Ásárì, ó bá Bàbá sọ ọ́ lójú mi.

"Onífọ́tò, àwòrán tí kò rìn gan-an ń kọ mí lóminú. Ẹ tún wá lọ kó èyí tó ń rìn wálé, ẹ jókòó ọmọ tì í."

Bàbá ní, "Àfáà, mo gbọ́ yín. Ẹ máa bá wa ṣe àdúà."

"Mo ń ṣe é. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí ni."

Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, kálukú gba ilé rẹ̀ lọ. Kò sí ìjà, ṣùgbọ́n àfáà náà kò tún wọ pálọ̀ wa mọ́. Bó bá ní ọ̀rọ̀, ẹnu ọ̀nà ló ń dúró sí.

Ọdún kan dé tí Bàbá lọ sí Mẹ́kà. Ó ti fẹ́ lọ tipẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, ó ti sálámà fún gbogbo èèyàn, ó tún padà wọ pálọ̀, ó fọwọ́ kan pẹpẹ fíìmù náà, ó wá yíjú sí Màmá. "Jọ̀ọ́, bá mi tọ́jú wọn."

Màmá ní, "Èmi? Ẹ fẹ́ fi èmi nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn amutíì wọ̀nyí?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ọkọ̀ gbé Bàbá lọ.

Iléyá kọjá. Àwọn oníbàárà Màmá ti kó aṣọ wọn lọ, ilé pa lọ́lọ́. Ní ọ̀sán kan, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti iléèwé ni, ojú ọ̀run ṣú láti apá òkè Ọ̀kà. Mo ti rí òjò rí, ṣùgbọ́n ìjì tó ṣáájú òjò yìí, n kò rí irú rẹ̀ rí. Igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé tẹrí ba títí tó fi ń gbálẹ̀. A gbọ́ tí páànù kan ń lù gbàgbàgbà lórí wa. Màmá pariwo pé kí n wá sábẹ́ tábìlì. Kí n tó dé abẹ́ tábìlì, ìjì ti ṣí òrùlé pálọ̀ kúrò bí ẹni ṣí ìdérí ìkòkò. Mo gbójú sókè, mo rí ojú ọ̀run nínú ilé wa.

Òjò wá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lé wa lórí.

Mo rò pé Màmá yóò kọ́kọ́ sáré síbi ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ibi pẹpẹ fíìmù ló sáré sí. Ó fa àpótí aṣọ rẹ̀ jáde láti yàrá, àpótí onírin tí ó ní ìdérí, ó sì da aṣọ inú rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn aṣọ tó dára jù lọ tí ó ní ni o, èyí tí Bàbá rà fún un nígbà ìgbéyàwó wọn wà níbẹ̀. Ó dà wọ́n sínú omi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó kásẹ́ẹ̀tì sínú àpótí.

"Onílẹ̀kùn dà?" Ó ń pariwo nínú òjò. "Kọ́kọ́ wá ọkùnrin onílẹ̀kùn yẹn fún mi! Kí ló ń ṣe ọ́ tí o dúró?"

Ìyanu ló mú mi dúró. Obìnrin tí mo rò pé ẹ̀rọ ìránṣọ nìkan ló ń gbọ́. Ó ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Gbogbo ìgbà tó kẹ̀yìn sí wa, etí rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa. Mo kúnlẹ̀ sínú omi, nítorí pé ìsàlẹ̀ pẹpẹ ni onílẹ̀kùn wà, omi ẹrẹ̀ sì ti ń wọ ibẹ̀. Mo fà á yọ, omi ń kán lára rẹ̀.

A gbé àpótí náà dé ẹnu ọ̀nà, a kò mọ ibi tí a ó gbé e gbà. Ibẹ̀ ni a ti rí àfáà náà tó ń sáré bọ̀, aṣọ rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára, àwọn ọmọ kéú mélòó kan tẹ̀ lé e.

"Ṣé kò sẹ́ni tó fara pa?"

Màmá ní, "Kò sí. Álíhámídù lílàhì."

"Ẹ gbé ẹrù yẹn wá. Ilé kéú mi kò jò."

Màmá kò gbé ẹsẹ̀. Ó wò ó lójú. "Àfáà, fíìmù ló wà nínú rẹ̀ o. Kí ẹ má sọ pé mo tàn yín."

Àfáà náà ti gbá etí àpótí mú. Ó ní, "Mo mọ̀. Ìjì ni mò ń bá jà báyìí, ìyàwó onífọ́tò. Ẹ gbé e!"

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn fíìmù Bàbá ṣe sùn sí ilé kéú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn wàláà tí àwọn ọmọ fi ń kọ́ Àlùkùránì. Àwa náà sùn síbẹ̀, ìyàwó àfáà tẹ́ ẹní fún wa.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a tú wọn wò. Nǹkan kan kò ṣe èyí tó wà lókè pẹpẹ. Ṣùgbọ́n omi ẹrẹ̀ ti wọ inú àwọn tó wà nísàlẹ̀, Màmá sì mọ ohun tí ọ̀rinrin ń fi aṣọ ṣe; ó ní bí a bá fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n á bu. Ó mú sukudiráfà kékeré tó fi ń tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe, ó tú kásẹ́ẹ̀tì kìíní. Òun kò tú irú rẹ̀ rí, èmi náà kò rí inú rẹ̀ rí. A bá téèpù dúdú gígùn kan tó ká mọ́ra. A fà á jáde díẹ̀díẹ̀, mo dì í mú lápá kan, Màmá fi aṣọ àtijọ́ tó ti rọ̀ nù ún, ó ń ká a padà lápá kejì. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ la fi ṣe é nínú ilé kéú yẹn, tí àwọn ọmọ ń ké kéú wọn lápá kan, tí àwa ń nu téèpù lápá kejì. Àwọn kan kú mọ́ wa lọ́wọ́. Àwọn kan yè.

Onílẹ̀kùn yè, ṣùgbọ́n ìparí rẹ̀ ti já, ó ti rún jégéjégé bí ewé gbígbẹ. Màmá ní bí a bá fi bẹ́ẹ̀ sínú ẹ̀rọ, yóò há, yóò sì fa ìyókù já. Ó mú sísọ́ọ̀sì. Obìnrin yìí kì í wọn léèsì olówó ńlá lẹ́ẹ̀mejì kó tó gé e. Ọjọ́ yẹn, ó wọn téèpù náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó gé e. Mo bú sẹ́kún.

"Kí lò ń sunkún sí? O kò mọ bó ṣe parí ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n, mà."

"Ó dáa náà. Ẹnì kan mọ̀ ọ́n nínú ilé yìí. Kò tíì sọnù."

A kò mọ̀ pé àfáà náà wà lẹ́yìn wa. Ó wúkọ́. Ó ní, "Ọmọ yìí, ọkùnrin tí ẹ ń sọ yẹn, tó gbé ilẹ̀kùn rù. Ṣé ó padà ríbi gbé e sí?"

Mo nu ojú mi. Mo sọ fún un pé ọkùnrin náà dé pápá kan tí kò sí ilé kankan. Ó gbé ilẹ̀kùn náà dúró lójú afẹ́fẹ́, ó fi òkúta tì í lẹ́sẹ̀. Kò sí ògiri, kò sí òrùlé. Ó wá kan ilẹ̀kùn náà, ó dúró díẹ̀, kí ó tó ṣí i tí òun àti ọmọ rẹ̀ fi wọlé.

Àfáà náà ronú sí i. Ó ní, "Ó ṣe dáadáa. Èèyàn gbọ́dọ̀ sálámà kó tó wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ara rẹ̀ ni." Ó bá jáde lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀. Kò wo fíìmù kankan rí títí ó fi kú, kí Ọlọ́run bá wa forí jì í. Ṣùgbọ́n òun ló lọ bá káfíńtà sọ̀rọ̀ tí wọ́n fi tètè bá wa kan òrùlé tuntun.

Bàbá dé, ó ti di Àlájì. Wọ́n ti sọ fún un ní gáréèjì. Ó wọlé, ó wo òrùlé, ó wò wá. "Ẹ̀yin méjèèjì ńkọ́? Ṣé kò sí ibi tó ń dùn yín?" Ìgbà tó jẹun tán, tó sinmi, ni ó tó ní kí n gbé onílẹ̀kùn sí i. Àwòrán náà jáde, ṣùgbọ́n ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ ń já wálẹ̀ lójú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Màmá ní, "Òjò ti wọ inú rẹ̀ ni." Mo ń sọ ọ̀rọ̀ wọn bí mo ṣe máa ń sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n dé pápá náà, àwòrán kú.

Màmá ní, "Èmi ni mo gé e."

Bàbá yọ kásẹ́ẹ̀tì náà, ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, ó wo ibi tí ìyàwó rẹ̀ gé, bó ṣe máa ń wo etí fọ́tò. "Ọwọ́ rẹ mọ́," ó ní. Ó tún wò ó. "Èmi ni ì bá gé e, mi ò lè gé e tó báyìí." Màmá tẹrí ba, ó ń fi ìka ṣa òwú tí kò sí lára aṣọ rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó ní kí n bá òun ti ẹ̀rọ ìránṣọ náà sí ògiri kejì. Láti ìgbà náà, ojú ni ó ń kọ sí tẹlifíṣọ̀n.

Wọ́n ti lọ, àwọn méjèèjì. Bàbá ló ṣáájú. Mo di olùkọ́, mo fẹ̀yìn tì, orí mi ti funfun. N kò dáwọ́ fíìmù í kó dúró. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì kásẹ̀ nílẹ̀ tí díìsìkì dé, mo kó díìsìkì. Bí ọmọ mi bá ń bọ̀ láti òkè òkun tó bá bi mí pé kí lòun yóò rà bọ̀, ó mọ̀ pé n kò fẹ́ bàtà.

Ayé ti yí padà, n kò sì sunkún sí i. Àwọn ọmọ máa ń sọ fún mi pé, "Màmá, gbogbo rẹ̀ wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì." Màá ní kí wọ́n bá mi wá onílẹ̀kùn. Wọ́n á tẹ fóònù títí, wọn kò tíì rí i dòní. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín: èèyàn lè máa wo ẹgbẹ̀rún fíìmù nínú fóònù kí ó má ní ẹyọ kan. Ẹ yá a ni. Ọjọ́ tí ẹni tó ni ín bá fẹ́, yóò gbà á lójú yín, ẹ kò sì ní rí ẹni bá wí. Tèmi wà lórí pẹpẹ. Mo lè fọwọ́ kàn án, mo lè tú u, mo lè nù ún.

Ṣùgbọ́n fóònù náà ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin mélòó kan láti Arigidi fi fóònù gba àwòrán àwọn ìyá àgbà wọn, tí wọ́n ń sọ èdè ilé wọn tí àwọn ọmọ ò gbọ́ mọ́. Wọ́n fi hàn mí. Iṣẹ́ tó dára ni. Ẹni tó gbà á mọ bí a ti ń dúró de oòrùn. Mo bi wọ́n pé bí fóònù yìí bá bọ́ sómi ńkọ́? Mo ní kí wọ́n lọ ṣe é sínú díìsìkì wá fún mi. Ó wà lórí pẹpẹ báyìí, láàárín àwọn fíìmù àtijọ́ láti ilẹ̀ òkèèrè, kò sì kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Ní oṣù yìí, mo kó gbogbo wọn lọ sí Ọ̀kà. Mo kọ́ yàrá ńlá kan sórí ilẹ̀ bàbá mi, mo to àga síbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́bìnrin Arigidi yẹn ni wọn yóò máa mójú tó o, kí n tó kú àti lẹ́yìn tí mo bá kú. Gbogbo Sátidé, lẹ́yìn Ásárì, ilẹ̀kùn á ṣí. Ẹ̀yin ará Ìkàrẹ́, ẹ̀yin ará Ṣúpárè, ẹ̀yin tí ẹ bá máa gun ọ̀kadà wá láti Epinmi, ẹ máa bọ̀. Ẹ kó ọmọ yín dání. Àwọn kan yóò dìde lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, mo ti mọ̀, inú kò sì ní bí mi. Ẹni tó bá jókòó ni fíìmù náà wà fún.